Kúlà Olómi àti Òróró Kíkẹ́lọmọ

Nígbà tí kọ̀ǹpútà Ọmọ́níyì Bámgbóyè kú lẹ́ẹ̀kẹrin ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà, kò bínú mọ́. Ó ká ọwọ́ lé àyà, ó ń wo ojú dígí dúdú náà bí ẹni tí ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn. Nígbà tí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí àpótí ẹ̀rọ náà, ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

"Ó tún ti lọ?" Kíkẹ́lọmọ aya rẹ̀ béèrè láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ní yàrá kejì.

"Ó tún ti lọ."

"Ṣé ó ti ya àwòrán náà dé ìdajì báyìí?"

"Kò tíì dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, Ìyá Bùsáyọ̀."

Ẹ̀rọ ìránṣọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé kò jìnnà mọ́.

Ìyìn-Èkìtì ni a bí Ọmọ́níyì sí, ọmọ àgbẹ̀ kan tí ó tún ń kọ́ àwọn èwe ní kátíkísìmù. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn ìlà tí ó gún. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní yíya àwòrán ilé àti ti ẹ̀rọ, ní Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú tí ó yí i ká. Àwọn ọmọ náà sì sọ ọ́ ní Tíṣà Rúlà, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí ènìyàn rí i láìsí rúlà onígi gígùn lábẹ́ apá rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń sin adìẹ, àwọn mìíràn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo ọkọ̀ tí ń kọjá. Òun lọ jókòó sáàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ó lè bí lọ́mọ, ó ń kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya ilé. Olúwabùsáyọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Àbújá, ni ó ra kọ̀ǹpútà náà fún un.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́ ilé, Ọmọ́níyì yóò ya ilé náà sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ògiri àti fèrèsé àti oòrùn ìrọ̀lẹ́ lórí pátákó òrùlé, títí olúwarẹ̀ yóò fi lè fi ojú rìn láti yàrá dé yàrá nígbà tí a kò tíì gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn. Opó kan ní Òkè-Ìlá sunkún nígbà tí ó rí ilé ìdáná tí òun yóò ní. Gbogbo ẹni tí ó bá wá ni Ọmọ́níyì ń ka ọ̀rọ̀ Olúwa sí létí: "Ta ni nínú yín tí ń pète láti kọ́ ilé ìṣọ́, tí kì yóò kọ́kọ́ jókòó, kí ó ṣírò iye owó rẹ̀?" Lẹ́yìn náà ni yóò tan kọ̀ǹpútà.

Nísinsin yìí, àwọn ọmọ Ìjan-Èkìtì tí ó wà nílé àti lẹ́yìn odi fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé sí ìlú wọn. Ní ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò pàdé láti wo àwòrán náà, àwòrán tí ń rìn, tí yóò mú wọn wọlé láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi àpótí ìwé. Kọ̀ǹpútà ní láti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsinmi kí ó tó lè yà á tán. Kò sì lè ṣe ogún ìṣẹ́jú mọ́ kí ó tó kú.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó ti pe ọmọ rẹ̀.

"Dádì, ooru ni ó ń pa á," ni Olúwabùsáyọ̀ wí. "Fáànù kékeré tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà yín, iṣẹ́ ti pọ̀ jù ú lọ. Ẹ lọ ra kúlà olómi. Ojúlówó ni kí ẹ rà o, kì í ṣe gbàrọgùdù."

"Omi kẹ̀? Nínú kọ̀ǹpútà?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Inú ọ̀pá ni omi náà wà, Dádì. Bíi rédíétọ̀ mọ́tò ni. Omi á gba ooru lára ọpọlọ, á gbé e lọ sí ibi rédíétọ̀, fáànù mẹ́ta á sì fẹ́ ẹ dànù."

"Èló ni?"

"Ó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà. Ẹ má bínú, Dádì. Gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fi ránṣẹ́ fún ojú Mọ́mì."

Ojú Mọ́mì: ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta Ọmọ́níyì lẹ́sẹ̀. Láti bí ọdún méjì ni awọ funfun kan ti ń bo ẹyinjú Kíkẹ́lọmọ. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ti ọ̀tún sì ń rí ayé bí ẹni tí ń wo ìta láti inú kùrukùru ọyẹ́. Aránṣọ ni, òun ni ó rán aṣọ gbogbo àwọn akọrin ìjọ wọn, ṣùgbọ́n kò lè ki okùn bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ní àràárọ̀, kí Ọmọ́níyì tó jókòó ti iṣẹ́ tirẹ̀, yóò ki okùn bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá fún un, yóò gún wọn mọ́ fóòmù kékeré kan, yóò sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Dókítà tí yóò ṣí awọ náà kúrò ń ti Ìbàdàn wá sí Adó fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún Kíkẹ́lọmọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà okòólélọ́ọ̀ọ́dúnrún náírà ni iṣẹ́ náà, owó náà sì wà nínú àpò ìwé kan lábẹ́ ìró rẹ̀ nínú àpótí aṣọ.

"Ẹ fi owó yẹn ra kúlà," ni Kíkẹ́lọmọ wí ní òwúrọ̀ Ajé náà, bí ẹni tí ń sọ iye iyọ̀ tí yóò wọ ọbẹ̀.

"Èwo ni owó yẹn?"

"Bàbá Bùsáyọ̀, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ojú ń dúró, uṣẹ́ kì í dúró." Nígbàkígbà tí ó bá ti pinnu ọ̀rọ̀ tán ni iṣẹ́ máa ń di uṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀, bí wọ́n ti ń pè é ní Ìyìn.

"Ojú tí o ní ó ń dúró ti ń ṣú lọ."

"Dókítà yóò tún padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àwọn ará Ìjan ò ní padà wá. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ta ni yóò gbé òmíràn fún wa? Èmi tí mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ṣé èmi ni n ó máa bọ́ wa ni?"

Ọmọ́níyì jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo àwọn òkè tí ó yí Adó ká. "Èmi ó gbé ojú mi sórí òkè wọnnì." Ó kà á dé ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti ń wá, ó sì dúró níbẹ̀, nítorí pé ojú aya rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà mú wá sí i lọ́kàn. Oṣù mẹ́ta. Bí ojú ọ̀tún bá ṣú kí oṣù mẹ́ta tó pé ńkọ́?

Nígbà tí ó wọlé, Kíkẹ́lọmọ ti wọ bàtà, báàgì rẹ̀ sì wà ní èjìká.

"Níbo?"

"Mò ń bá yín lọ. Bí mo bá fi owó yìí lé yín lọ́wọ́, ilé ìwòsàn ni ẹ ó gbé e lọ. Mo ti fẹ́ yín pẹ́, mo mọ̀ yín."

Takisí ni wọ́n wọ̀. Ọmọ́níyì gbé àpótí kọ̀ǹpútà lé itan bí ẹni gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀bù Khalifa Sàlámì ní àdúgbò Ìjìgbò.

Khalifa ti kọ́ yíya àwòrán lọ́dọ̀ Tíṣà Rúlà rí. Ó ti gba ẹgba lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Nísinsin yìí ó ti di baba ọmọ mẹ́ta, ó sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó ń tà á, àwọn ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ń kírun lásìkò tí kì í sì í purọ́ nípa ọjà.

"Tíṣà! Ẹ káàbọ̀, sà. Mọ́mì, ẹ kú ìrìn o, ẹ jókòó. Ẹ má wo ooru, wọ́n ti mú iná lọ."

Kíkẹ́lọmọ kò jókòó. Ó fi ọwọ́ wá orí tábìlì, ó sì gbé àpò ìwé náà lé e. "Khalifa, gba owó yìí kí ọkọ mi tó yí ọkàn padà. Kúlà olómi ni a wá rà."

Khalifa wo owó, ó wo Tíṣà rẹ̀, ó sì gbé páálí ńlá kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lẹ́wà: fáànù mẹ́ta tí ń dán, ọ̀pá dúdú méjì, àti orí kékeré kan bíi aago ọwọ́ olówó. "Ọ̀kan yìí ló kù. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tó ti ń wò mí, èmi náà sì ń wò ó. Wallahi, mo fẹ́ kó lọ." Síbẹ̀ kò fọwọ́ kan àpò ìwé náà. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì yẹ aláìsàn wò, ẹ ti ń sanwó oògùn."

"Olúwabùsáyọ̀ ni ó sọ ohun tó ń ṣe é," ni Ọmọ́níyì wí. "Ẹnjiníà ni."

"Ẹnjiníà Àbújá, sà. Adó ni àìsàn wà."

Ó tú ìdè mẹ́rin, ó sì ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó fi ìka kan ra nǹkan nínú, ó fi àtàǹpàkò pa á, ó gbé e sí imú.

"Tíṣà," ni ó wí, "ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń dín àkàrà nínú kọ̀ǹpútà yìí?"

"Kí ni o wí?"

"Òróró ni, sà. Òróró àti eruku ọyẹ́. Wọ́n ti pò pọ̀ bí ògì tó dì. Ẹ wo fáànù, ó ń yí bí arúgbó tó ń gun òkè. Ẹ wo àwọn irin pẹlẹbẹ tí atẹ́gùn yẹ kó gba àárín wọn kọjá, kò sí àárín mọ́."

Ọmọ́níyì tẹ̀ síwájú, ó wò ó, kò sì yé e. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná. Ta ni yóò gbé òróró wọ yàrá iṣẹ́? Nígbà náà ni ó gbọ́ èémí aya rẹ̀. Kíkẹ́lọmọ ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Òróró àdúrà ni," ni ó wí.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní gbogbo oṣù, ní aago márùn-ún ìdájí, Kíkẹ́lọmọ a máa gbé ìgò òróró ólífì. A fi sí àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn, a fi sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, a fi sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀, ní ìkẹyìn a sì gbàdúrà lórí kọ̀ǹpútà tí Ọlọ́run ń tipasẹ̀ rẹ̀ bọ́ wọn. Nígbà tí ojú rẹ̀ ń ríran, ìka ni ó ń tì bọ òróró, a fa àgbélébùú kékeré kan lé orí àpótí náà, ó parí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí kò ti rí ẹnu ìgò mọ́, ó ń dà á sí i tààrà láti inú ìgò ni, òróró sì ń gba àwọn ihò tí ó wà lórí àpótí náà sọ̀ kalẹ̀ sínú. Òun kò rí i. Ọmọ́níyì náà kò rí i, nítorí pé ẹni tí ń ṣe àmín kì í la ojú.

"Èmi ni mo bà á jẹ́," ni Kíkẹ́lọmọ wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ohun tí mo ń sùre fún ni mo ń pa."

"Mọ́mì, ẹ ò pa á," ni Khalifa wí kíá. "Òróró kì í gbé iná mànàmáná. Bó bá jẹ́ omi ni ẹ ń fi gbàdúrà sí i, òkú rẹ̀ là bá gbé wá síbí yìí. Ẹ sì tún wo nǹkan kan." Ó gbé kúlà tuntun náà lé orí àpótí. "Ibi tí rédíétọ̀ rẹ̀ máa wà rèé, òkè pátápátá, lábẹ́ ihò wọ̀nyẹn gan-an. Oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀ bá tún ti da òróró lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà lórí."

Ọmọ́níyì kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà ran Khalifa, ní ìkẹyìn ó ran Kíkẹ́lọmọ pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi wà lójú rẹ̀.

Tíṣà ni Tíṣà ń jẹ́, ó ní láti béèrè dé ìdí. "Ká fi ti òróró sílẹ̀ ná, Khalifa. Kúlà olómi yìí, ṣé ó tó iye tí wọ́n ń tà á?"

Khalifa yọ fáànù àtijọ́ jáde, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípíríìtì fọ àwọn irin náà bí ó ti ń fèsì. "Fún ẹlòmíràn, ó tó, sà. Ẹni tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń jó bí ààrò, tó ń lò ó tọ̀sán-tòru. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ariwo. Ẹni tó kàn fẹ́ràn iná tó ń tàn lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó má fẹ́ràn ohun tó wù ú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: omi kì í pa ooru, ó kàn ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn ni. Atẹ́gùn inú yàrá yín náà ló máa gbà á níkẹyìn. Yàrá tó gbóná, yóò gbóná fún fáànù àti fún kúlà olómi. Ojúlówó fáànù tó mọ́ á ṣe iṣẹ́ yín dáadáa. Bí fáànù bá sì bàjẹ́, fáànù ni ẹ ó pààrọ̀. Bí pọ́ǹpù tó ń ti omi nínú kúlà yìí bá kú, gbogbo rẹ̀ ló lọ."

"Wẹ̀, kí o sì mọ́," ni Ọmọ́níyì sọ sínú, ó sì rántí Náámánì. Ọ̀gágun adẹ́tẹ̀ náà ti di wúrà àti fàdákà jọ, ó ti múra tán láti san owó ńlá fún ìwòsàn ńlá, inú sì bí i nígbà tí wọ́n ní kí ó kàn lọ wẹ̀ ní Jọ́dánì, nítorí pé odò ìlú tirẹ̀ dára jù ú lọ lójú rẹ̀. Báwo ni ó ti rọrùn tó fún ọmọ ènìyàn láti gbà gbọ́ pé ohun tí ó wọ́n nìkan ni ó ń woni sàn! Olúwa kò dá oògùn olówó iyebíye lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀tẹ̀ ni a ń fi wúrà wẹ̀.

Khalifa fi ìpara funfun tuntun sáàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti irin tí ń gba ooru rẹ̀, ó de fáànù tuntun mọ́ ọn, ó tan jẹnẹrétọ̀. Ó fi iṣẹ́ àwọn ará Ìjan dán an wò. Ogún ìṣẹ́jú pé. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé. Kíkẹ́lọmọ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Nígbà tí wákàtí kan pé, Khalifa tọ́ka sí ìwọ̀n ooru lójú dígí. "Tẹ́lẹ̀, ó máa ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún kó tó kú. Kò kọjá àádọ́rin báyìí. Alhamdulillahi."

"Ìyìn ni fún Olúwa," ni Ọmọ́níyì wí. Àfi bí ìgbà tí ẹnìkan sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni Khalifa gbà fún fáànù àti gbogbo iṣẹ́ náà, láti inú àpò Ọmọ́níyì fúnra rẹ̀. Ó ti àpò ìwé náà padà sọ́dọ̀ Kíkẹ́lọmọ. "Mọ́mì, ti ojú yín rèé. Tíṣà, ẹ nà mí rí nítorí ìlà tí kò gún. Ṣé eléyìí gún?"

"Ó gún, ọmọ mi," ni Ọmọ́níyì wí. "Máàkì rẹ pé."

Nígbà tí takisí wọn kọjá Òkèṣà, Kíkẹ́lọmọ béèrè: "Bàbá Bùsáyọ̀, ṣé kí n má gbé òróró mọ́ ni?"

Ó ronú sí i, nítorí pé kò fẹ́ dáhùn lásán. "Òróró Áárónì ṣàn láti orí dé irùngbọ̀n, ó sì dé etí aṣọ rẹ̀. Ìbùkún ni. Ṣùgbọ́n orí ènìyàn ni wọ́n dà á lé, Kíkẹ́. Orí ni kí o máa dà á lé. Bí o bá dà á lé orí mi, yóò dé ara iṣẹ́ ọwọ́ mi."

"Orí yín tí kò ní irun yìí? Kíá ni yóò ṣàn dé etí aṣọ."

Awakọ̀ gan-an rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, kọ̀ǹpútà náà parí iṣẹ́ rẹ̀ láìkú lẹ́ẹ̀kan. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ṣí awọ kúrò lójú ọ̀tún Kíkẹ́lọmọ. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ Ìjan fi ojú rìn wọ ilé ìkàwé wọn, àgbàlagbà kan sì béèrè bóyá wọ́n lè gbé àga kan sí ẹ̀bá fèrèsé tó kọjú sí oòrùn. Ọmọ́níyì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí oṣù tuntun wọlé, ní aago márùn-ún ìdájí, Kíkẹ́lọmọ gbé ìgò òróró. Ó ti ìka kan ṣoṣo bọ̀ ọ́, ó fi í sí ìpéǹpéjú ara rẹ̀, ó sì fi í sí orí ọkọ rẹ̀. Ó la ojú lójijì. "Ẹ ò dijú?"

"Olúwa ní kí a máa ṣọ́nà, kí a sì máa gbàdúrà," ni Ọmọ́níyì wí. "Ìṣọ́nà ni ó kọ́kọ́ dárúkọ."

Lẹ́yìn àmín, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó kọjá sí yàrá ìránṣọ láti ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Ó gbé fóòmù kékeré náà sábẹ́ iná. Abẹ́rẹ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà lórí rẹ̀ ní ìlà tí ó gún, okùn sì ti wà lójú gbogbo wọn.